Bọ́ọ̀sì Tí Mo Pè Ní Ìgbín

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i kì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́ rárá. Ẹ̀sùn ni. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì yín mẹ́fà ló wà nínú odò láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ wọ́n."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó rò pé orí mi dàrú. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni áàpù, àwọn nǹkan tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù yín. Lọ́dún náà, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú wa ṣe ohun tí wọn ò ṣe rí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú bọ́ọ̀sì wọn kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tó wà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wọ́n wá ṣí ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó fi ṣe ohun tó wù ú. Èmi fi ṣe áàpù tó ń sọ fún èrò pé bọ́ọ̀sì yín ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ fara balẹ̀ jẹun yín tán. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan lọ́fíìsì wọn ló ṣi nọ́ńbà kọ, ni bọ́ọ̀sì ìlà kan, àwọn tó ń gba ọ̀nà kan náà, bá bọ́ sómi lórí àwòrán ìlú.

Èsì dé kí n tó mu omi tó wà lọ́wọ́ mi tán. "Ẹ kú sùúrù. A ti yọ wọ́n. Èrò kankan ò rì. Tábìlì Kẹta."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lọ́fíìsì wọn, wọn kì í fi orúkọ sí èsì, nọ́ńbà tábìlì ni wọ́n ń fi sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn kiri. Bí bọ́ọ̀sì bá fò kọjá orí òrùlé, mo kọ̀wé. Bí méjì bá dúró lé ara wọn lórí, mo kọ̀wé. Nígbà tí kò sí àṣìṣe kankan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ wọn ti dára jù, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Tábìlì Kẹta dáhùn pé: "Ṣé kí n ti ọ̀kan sómi fún ọ ni?"

Fún ọ. Kì í ṣe fún yín. Mo ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, bí ọmọdé tó ń ka àbájáde ìdánwò.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n pe gbogbo àwa tí ń ṣe áàpù sí ìpàdé. Obìnrin kan dìde, ó di ìwé mọ́ àyà, ó ń ka òfin wọn fún wa. "Ohun tí a bá ti ṣí sílẹ̀," ó ní, "a ò ní béèrè ohun tí ẹ fi ṣe." Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé parí, mo lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mò ń wá Tábìlì Kẹta."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ ni ará odò."

Orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn la jókòó sí títí tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi ní ká gbẹ́sẹ̀ kí òun gbálẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dúró dè é. Mo sọ fún un pé ìyàwó ni mò ń wá, n kò wá ọ̀rẹ́. Ó ní kí n ṣe sùúrù, ó ní òun lóbìí. Ó ní bàbá òun náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. N kò béèrè iṣẹ́ wo. Mo kàn rò pé ọ̀gá ni wọ́n, nítorí bí ọmọ wọn ṣe ń gbé orí sókè. Ojú ń tì mí láti kọ ìyẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Àsìkò náà ni áàpù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀, orí mi sì wú. Èrò fẹ́ nǹkan tuntun, èmi náà sì ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ń gbé ìwé kan jáde lórí áàpù nípa bọ́ọ̀sì tó yá jù àti èyí tó falẹ̀ jù. Èyí tó yá, mo pè é ní Ẹtu. Èyí tó falẹ̀, mo pè é ní Ìgbín. Bọ́ọ̀sì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ Ogójì ló jẹ́ Ìgbín fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún léraléra, ni mo bá ya ìgbín gidi sí orí rẹ̀, ìwo méjì, ìkarahun lẹ́yìn, tó ń rá pálá lórí fóònù. Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn ló gba áàpù náà lọ́sẹ̀ kan.

Mo gbé e fún Tábìlì Kẹta kó wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹni tó ń wà á ńkọ́?" ó bi mí.

"Awakọ̀ kẹ̀? Irin ni mò ń bá ṣeré. Ta ló mọ ẹni tó ń wà á?"

Ó dá fóònù mi padà fún mi. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, mo lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ilé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo orí àga. Ìwé ẹ̀rí kan wà lára ògiri tó sọ pé awakọ̀ yìí wakọ̀ fún ogún ọdún láìní ìjàm̀bá. Àwòrán kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ọkùnrin kúkúrú kan dúró ti bọ́ọ̀sì, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́. Mo ka nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀sì náà. Ogójì ni.

Bàbá wọlé, wọ́n jókòó sí etí àga. "Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ mi. Iṣẹ́ wo lẹ sọ pé ẹ ń ṣe?"

Mo dáhùn. Mo ń sọ̀rọ̀ yípoyípo, mo ń sọ nípa fóònù, nípa èrò, nípa àkókò. Màmá ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife omi lórí àwo. Wọn ò tíì gbé e kalẹ̀.

"Àbí ìwọ lo sọ ọkọ mi ní Ìgbín?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí gbogbo awakọ̀ ìlú yìí mọ̀. Ní gáréèjì wọn, awakọ̀ kì í pààrọ̀ ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwọ ni wàá máa fọ̀ ọ́, ìwọ ni wàá máa wà á títí tí yóò fi kú tàbí tí wàá fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ní Ogójì ń bọ̀, ènìyàn ni wọ́n ń sọ. Èmi tí mo mọ ibi tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, n kò mọ ìyẹn.

Bàbá ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. "Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ìka ya ìgbín sí ara gíláàsì mi," wọ́n ní. "Mo máa ń nù ún kúrò kí n tó wá sílé, kí ìyá yìí má baà rí i. N ò mọ̀ pé òun náà ti rí i lórí fóònù. Gba omi, mu."

N kò lè mu ún. Ìyàwó tí mo wá fẹ́ jókòó lápá òsì mi, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́nu géètì, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Mo bi ọ́," ó ní. "Mo ní ẹni tó ń wà á ńkọ́."

"O ò wá lè sọ pé bàbá rẹ ni?"

"Mo fẹ́ kí ojú tì ọ́ kí o tó mọ̀ pé bàbá mi ni. Bó bá jẹ́ bàbá ẹlòmíì ńkọ́?" Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi gan-an, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ọ wí? Èmi ni mo kọ òfin tí mo kà fún yín ní ìpàdé. Ọ̀gá mi bi mí bóyá kò léwu láti fi nọ́ńbà bọ́ọ̀sì sí ohun tí à ń ṣí sílẹ̀. Mo ní kò léwu. Ọmọ awakọ̀ ni mí o, mo sì ní kò léwu."

Mo yọ Ìgbín kúrò lórí áàpù kí n tó délé. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ní ìbùdókọ̀, wọ́n ṣì ń sọ pé Ìgbín ló ń bọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró de òmíràn.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, kó lọ ṣe alárinà. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó lè fi ọ̀rọ̀ yọ obì lápò. Ó lọ ní ọjọ́ Sátidé, ó sì padà pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì.

"Bàbá ò sọ nǹkan kan," ó ní. "Ìyá ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní fẹ́ ẹni tó fi bàbá rẹ̀ ṣe ẹ̀rín fún gbogbo ìlú."

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi tú gèlè rẹ̀. "Wọ́n ní ọ́fíìsì ti rí ìwé Ìgbín tí ò ń gbé jáde. Wọ́n pe bàbá pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń falẹ̀, ní ọjọ́ Fráídè tó ń bọ̀. Ọdún méjì ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n lè gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi, kí lo fi ọwọ́ ara rẹ fà yìí?"

N kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ṣí gbogbo àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀sì Ogójì, mo wá ibi tí ó ti ń pàdánù àkókò. Ibì kan náà ni. Nígbàkígbà tó bá dé òpin ìlà, ó ń dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án, nígbà mìíràn mẹ́tàlá. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo dé fìlà bojú, mo wọ bọ́ọ̀sì náà, mo jókòó sẹ́yìn.

Ní òpin ìlà, Bàbá pa ọkọ̀. Wọ́n mú ìwé ìròyìn kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rọra rìn lọ sẹ́yìn ilé epo tó wà níbẹ̀. Àwọn èrò méjì ń rẹ́rìn-ín pé Ìgbín lọ kàwé. Mo tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Ilé ìtọ̀ ni wọ́n wọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò sì pa dé dáadáa. Mo rí ẹ̀yìn wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan ti ògiri, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, pẹ́, pẹ́. Bàbá tèmi náà dúró bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Mo mọ ìdúró yẹn. Àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ò jáde lára rẹ̀ bọ̀rọ̀ mọ́, tí ojú ń tì láti sọ ọ́.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Mo ti fi ìtọ̀ àgbàlagbà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, Tábìlì Kẹta pè mí. A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ géètì. "Àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ," ó ní. "Bí ìdí kan bá wà tí wọ́n fi ń pẹ́, sọ fún mi. Bàbá kọ̀, wọn ò bá wa sọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjì ló kù."

Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á dá Bàbá sílẹ̀, àánú wọn á ṣe ọ̀gá wọn, ọmọ wọn á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Màmá pàápàá lè rọ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún mi, àfi pé ìhòòhò ọkùnrin náà ni màá gbà kọjá.

"N kò rí nǹkan kan tó jẹ́ tèmi láti sọ," mo ní.

Ó pa fóònù.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ìgbà náà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo wo gbogbo bọ́ọ̀sì mọ́kànlá tó wà ní ìlà náà, ìbùdókọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó ya ìgbín. Mo sì rí ohun tó tún jẹ́ kí ojú tì mí sí i. Àwọn bọ́ọ̀sì tí mo ń pè ní Ẹtu kì í dúró ní gbogbo ìbùdókọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé àkókò ń lọ, wọn á fo mẹ́ta, wọn á fo mẹ́rin, wọn á fi èrò sílẹ̀ nínú oòrùn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń dúró ní ìbùdókọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìfo ọ̀kan. Ẹ ti mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì wọn, síbi tí gbogbo àwa tí ń ṣe áàpù ti ń kọ ẹ̀sùn, tí ẹnikẹ́ni lè kà á. Mo kọ ọ́ pé irọ́ ni ìwé tí mo gbé jáde, nítorí pé eré sísá ni mo kà, mo sì pè é ní iṣẹ́. Mo kọ iye bọ́ọ̀sì tó ń fo ìbùdókọ̀ láìkọ nọ́ńbà ìkankan, nítorí àwọn náà ní ọmọ nílé. Mo kọ ọ́ pé nínú ìwé àkókò tí wọ́n fún awakọ̀, aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì ń dé òpin ìlà, aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú náà ló tún gbọ́dọ̀ kúrò. Ta ni kì í sinmi? Ta ni kì í mu omi? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi nọ́ńbà gidi sí ohun tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa fi nọ́ńbà tó ń yí padà lójoojúmọ́ sí i, èrò á ṣì mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀. Mo parí rẹ̀ pé mo sọ ènìyàn ní orúkọ ẹranko, mo rò pé irin ni. Mo fi orúkọ mi sí i, mo fi ti bàbá mi sí i.

Èsì dé ní ìrọ̀lẹ́. "A ti rí lẹ́tà yín gbà. Tábìlì Kẹta."

Yín. Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn títí tí fóònù fi kú lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Fráídè, wọ́n ka lẹ́tà náà nínú ìpàdé wọn. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe áàpù bú mi pé mo ba ọjà jẹ́. Ọ́fíìsì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún àkókò òpin ìlà fún gbogbo awakọ̀. Wọn ò gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Bàbá. Wọn ò bẹ̀ wọ́n náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Bàbá ìyàwó rẹ ní kí o wá bá àwọn ní òpin ìlà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọn. Wọ́n ní kí n má tẹ̀ lé ọ. Bí ojú ò bá tíì mọ ojú, tí wọ́n ti ń lé alárinà, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn."

Inú bọ́ọ̀sì náà ṣófo. Wọ́n ní kí n jókòó sí àga tó wà lẹ́yìn wọn. Wọn ò yíjú, inú dígí ni wọ́n ti ń wò mí.

"Fìlà yẹn ò bò ọ́ lójú tó," wọ́n ní. "O tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn ilé epo."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"O rí mi."

"Mo rí yín, sà."

"Ó pé ojú-ìwé méjì tí o kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wá ibi tí o ti sọ ọ́. Kí ló dé tí o ò kọ ọ́?"

"Kì í ṣe tèmi, sà. Èyí tó jẹ́ tèmi ni mo kọ."

Wọ́n nu ojú dígí náà, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. "Ìyàwó mi ò mọ̀. Ọmọ mi ò mọ̀. Odindi ọdún kan. Mo ní kí n wà á títí tí màá fi fẹ̀yìn tì, kí n tó lọ rí dókítà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gungi, àbí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. "Bàbá tìrẹ ńkọ́, ṣé ara wọn ti yá?"

Ibẹ̀ ni mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún wọn nípa bàbá wa. "Ara wọn ti yá, sà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n lò ní ọsibítù."

Wọ́n mi orí. Aago dún, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún èrò. "Tọ́sìdeè, aago mẹ́sàn-án," wọ́n ní. "Èmi nìkan ò lè wọ ibẹ̀."

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, kí n tó jáde, lẹ́tà kékeré kan wọlé sórí fóònù mi. "Bàbá ní kí n má béèrè ibi tí ẹ jọ ń lọ lọ́wọ́ rẹ. N kò béèrè. Bá mi mú wọn dání dáadáa. Tábìlì Kẹta."

Lónìí, Bàbá fúnra wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn ní gáréèjì, wọ́n ń lé wọn lọ sí ọsibítù bí ẹni ń lé ewúrẹ́ wọlé. Àwọn ló ní kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n di ìwé ìròyìn mú bí ẹni pé ibi ìkàwé là ń lọ, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ orúkọ wọn, ó kọ ọjọ́ orí wọn. Ó wá gbójú sókè, ó fi gègé tọ́ka sí mi. "Ẹni yìí ńkọ́? Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

Mo ti la ẹnu pé kò sí nǹkan kan, pé mo kàn sìn wọ́n wá ni.

"Ọkọ ọmọ mi ni," Bàbá wí.

Mo tẹ orí ba. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ká lọ jókòó, kò ní pẹ́ kàn wá.